Ìpàdé Obìnrin ní Ìkòròdú: Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Fà Wá Sẹ́yìn

Aago mẹ́wàá àárọ̀ Wednesday ni wọ́n fi ìpàdé obìnrin tí mo lọ gbẹ̀yìn sí, nítòsí Gáréèjì níbí, aago mẹ́wàá o, àsìkò tí ẹlẹ́ja Ẹ̀bútè ṣì ń bá oníbàárà dúnàádúrà lọ́wọ́. Àwa díẹ̀ tá a débẹ̀, ọ̀pọ̀ wa ni ò ní ṣọ́ọ̀bù, a jókòó sáàárín àga tó ṣófo, a wá ń sọ ohun tí àwọn tí ò sí níbẹ̀ fẹ́. Ó dùn mí wọra, torí ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ eléyìí sí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pe ìpàdé obìnrin.

Ẹ má wo ọjọ́ tó rọ ẹ̀yin tẹ́ ẹ pè é lọ́rùn, èyí tó rọ ìyá ọlọ́jà lọ́rùn ni kẹ́ ẹ wò. Sunday dáa, àmọ́ kì í ṣe àárọ̀, àwọn kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kan wà ní àsáláátù, ẹ jẹ́ kó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó ń ti Mile 12 bọ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́, gosiló ò ní jẹ́ kó dé kílẹ̀ tó ṣú. Ẹ sì béèrè ọjọ́ Orò kẹ́ ẹ tó kéde, torí lọ́jọ́ yẹn obìnrin kì í jáde n'Íkòròdú. Bóyá ó yẹ kí obìnrin máa tìlẹ̀kùn mọ́rí nílùú ẹ̀ fún odindi ọjọ́ kan, ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ìpàdé fúnra ẹ̀ gbé yẹ̀wò nìyẹn.

Gẹ̀ẹ́sì tún ńkọ́? Ẹni tó gbé máíkì á máa da gẹ̀ẹ́sì bolẹ̀, ìyá tó wá láti Ìgbógbó á kàn máa mi orí. Màmá Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kàwé dé ìlú òyìnbó, síbẹ̀ ìró àti bùbá ni wọ́n ń wọ̀, Yorùbá ni wọ́n fi ń bá àwọn obìnrin ọjà Abẹ́òkúta sọ̀rọ̀. Àwọn obìnrin yẹn ló ya bo ààfin lórí ọ̀rọ̀ owó orí, títí Aláké fi kúrò lórí ìtẹ́ fúngbà díẹ̀ ní 1949. Ká ní àwọn tó gbọ́ gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n kó jọ, ta ni ì bá tẹ̀ lé wọn dé ààfin?

Àmọ́ èyí tó burú jù lójú tèmi, inú ẹgbẹ́ òṣèlú ló wà. A máa ń rò pé tá a bá ti wọ ankara kan náà, tá a jó níwájú olóyè, tí wọ́n fún wa ní ìrẹsì, a ti wọ òṣèlú nìyẹn. Rárá o. Wọ́ọ̀dù ni gbogbo ẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Òfin ìdìbò ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní rẹ́jísítà ọmọ ẹgbẹ́, mélòó nínú wa ló ti lọ wò ó bóyá orúkọ òun wà níbẹ̀? Ẹgbẹ́ á ní àwọn ti dín owó fọ́ọ̀mù ìdíje kù fún obìnrin, inú wa á dùn, a ò ní bi wọ́n pé àwọn dẹ́lígéètì tó ń ṣojú wọ́ọ̀dù nípàdé ńlá ẹgbẹ́ dà, ta ló yàn wọ́n, alẹ́ ọjọ́ wo. Ìpàdé wọ́ọ̀dù máa ń wọ òru, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń já wa sílẹ̀, nítorí náà ẹ máa lọ ní mẹ́ta mẹ́rin, ẹ dá owó kẹ̀kẹ́ jọ, kẹ́nì kan bá yín wo àwọn ọmọ. Ẹ má sì dúró sórí ipò aṣáájú obìnrin nìkan, ẹ du akọ̀wé, ẹ du akápò, ẹ du alága gan-an.

Ẹ wo Èkó, Sinatu Ojikutu ti ṣe igbákejì gómìnà, Kofoworola Bucknor-Akerele ṣe é, Sarah Sosan, Adejoke Orelope-Adefulire, Oluranti Adebule. Obìnrin márùn-ún, mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Gómìnà obìnrin ò tíì sí rárá l'Èkó.

Ẹ má tún máa sọ fáwọn èèyàn pé òfin ti fún wa ní 35% nínú ipò ìjọba. Ìlànà ìjọba ni, ti 2006, kò sí nínú ìwé òfin ilẹ̀. Ilé ẹjọ́ l'Ábújá pàṣẹ ní April 2022 pé kí ìjọba àpapọ̀ tẹ̀ lé e nínú ìyànsípò, àmọ́ ní March 1 ọdún kan náà àwọn aṣòfin ti da àwọn àbá tó kan obìnrin nù, títí kan èyí tó fẹ́ ya àga sọ́tọ̀ fún wa nílé aṣòfin. Obìnrin tẹ́ ẹ bá sọ fún pé ó ti tẹ̀ wá lọ́wọ́ á padà sílé lọ sùn ni.

Èyí tó kù, ẹ jọ̀ọ́: tí obìnrin kan bá dìde nípàdé sọ pé ọkọ òun ń na òun, ẹ má gbé fọ́tò ẹ̀ sórí WhatsApp. Èkó ti ní òfin ìwà ipá abẹ́lé láti 2007. Ẹ yan ẹnì kan tó máa tẹ̀ lé e lọ fẹjọ́ sùn, kí ẹni yẹn sì pa ẹnu mọ́. Tiwa tó ń bọ̀, Sunday, aago mẹ́rin la fi sí, a ti ní kí àwọn ìyá gbé ọmọ wọn dání.