Bí a ṣe ń so jángílófà mọ́ igi nínú àgbàlá

Òkè ni jángílófà ti ń bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn á náwó sórí pákó ìjókòó, wọ́n á kùn ún lọ́dà pupa, wọ́n á wá fi okùn kan ṣáá wé ẹ̀ka igi lókè. Ibi tí okùn ti ń ha ẹ̀ka yẹn, kò sẹ́ni tó ń gbójú sókè wò ó títí ọjọ́ tó máa já. Nítorí náà, òkè la ó ti bẹ̀rẹ̀, a ó wá máa sọ̀ kalẹ̀ wá síbi ìjókòó.

Igi àti ẹ̀ka

Nínú àgbàlá Ilé-Ifẹ̀, máńgòrò ló sábà máa ń wà nítòsí, ó sì dára bó bá ti dàgbà dáadáa. Ọdán ńlá náà gbà á. Ẹ̀ka kajú máa ń ya láìròtẹ́lẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Ìbẹ́pẹ kò tilẹ̀ yẹ lẹ́ni tí à ń dárúkọ.

Ẹ̀ka tí ẹ máa lò gbọ́dọ̀ wà láàyè, kó nà ní ìbú, kó nípọn tó ínǹṣì 8 níbi tí okùn máa wà, kó sì ga tó ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 10 sílẹ̀. Ẹ lọ wo ibi tó ti yọ lára ìtì igi. Bí ẹ̀ka àti ìtì bá fún mọ́ra tí èèpo há sáàárín wọn, ibẹ̀ ló ti máa ya lọ́jọ́ kan. Bí afòmọ́ bá ti bò ó, ẹ wá òmíràn, torí afòmọ́ ti ń fa omi ara ẹ̀ka náà mu. Ẹ fi igi gbá a káàkiri: èyí tó bá dún bí ìlù, inú rẹ̀ ti jẹrà.

Ẹ wọn mítà kan sí mítà kan ààbọ̀ kúrò lára ìtì igi kí ẹ tó so okùn àkọ́kọ́. Bó bá sún mọ́ ìtì jù, ọmọ á máa forí gbá igi. Bó bá jìnnà sí i jù, ibi tínínrín lẹ wà.

Àyè tó yẹ kó wà

Ìlọ́po méjì gíga ẹ̀ka ni kí àyè níwájú jẹ́, kí ti ẹ̀yìn náà tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ka tó ga ní mítà 2.5 ń fẹ́ mítà 5 síwájú àti mítà 5 sẹ́yìn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì, ẹsẹ̀ bàtà 6 tó. Kànga, ṣókàwéè, fẹ́ǹsì tí wọ́n fi àfọ́kù ìgò sí lórí àti wáyà iná kò gbọ́dọ̀ sí nínú àyè yìí rárá. Bí kànga bá wà níbẹ̀, tí ẹ ń rò pé ìdérí rẹ̀ ti tó, ẹ wá igi mìíràn.

Ilẹ̀ pupa wa máa ń le bí ọyẹ́ bá dé. Ẹ gbẹ́ ẹ, kí ẹ kó yanrìn sí i kó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 30, lábẹ́ ìjókòó àti síwá-sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ àwọn ọmọ á máa ká yanrìn náà kúrò láàárín, nítorí náà ẹ máa wọ́ ọ padà lọ́sẹ̀-ọ̀sẹ̀. Ìyẹ̀ pákó láti ilé ìlagi rọ̀ ju yanrìn lọ lóòótọ́, àmọ́ òjò á dì í pọ̀, ikán á sì dé.

Okùn

Ẹ ra okùn ọ̀rá tí wọ́n fi ń di ẹrù ọkọ̀, èyí tó nípọn tó mílímítà 14. Tínínrín máa ń gé ọwọ́ ọmọ. Okùn ìko máa ń jẹrà nínú òjò wa tó ń rọ̀ láti oṣù kẹta títí dé oṣù kẹwàá. Fún ẹ̀ka tó ga tó mítà 3, mítà 14 ló máa ká gbogbo iṣẹ́: ẹ gé mítà 2 ní ọ̀nà méjì fún òkè, mítà 5 ní ọ̀nà méjì fún ìjókòó. Ẹ fi ìṣáná jó orí kọ̀ọ̀kan kó yọ́ pọ̀, kó má baà máa tú.

Ohun tó ń mú kí okùn tó dà bí ẹni pé ó lágbára já ni pé ẹrù ń pọ̀ sí i nígbà tí jángílófà bá ń fì. Bí ọmọ oníkílò 30 bá fì débi pé okùn ya sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní dígírì 60, nígbà tó bá ń sáré kọjá nísàlẹ̀, kílò 60 ni okùn àti ẹ̀ka ń gbé. Bó bá fì títí okùn fi nà gbalaja ní ìbú, ó di kílò 90. Bí àgbàlagbà oníkílò 80 bá wá fẹ́ fi ṣeré ńkọ́? Ẹ ṣírò ìyẹn fúnra yín.

Síso òkè

Ẹ ní kí wẹ́dà fi irin mílímítà 12 ṣe òrùka méjì-méjì tó kọ́ ara wọn, ọ̀nà méjì. Òrùka òkè á wà nínú okùn tó wé ẹ̀ka, ti ìsàlẹ̀ á gba okùn ìjókòó. Báyìí, irin ló ń ha irin nígbà tí ọmọ bá ń fì, okùn kò sì ní máa fi ara gé ara rẹ̀ lórí èèpo igi. Ẹ fi gírìsì díẹ̀ sí i.

Ẹ fi rọ́bà túùbù táyà àtijọ́ bo ẹ̀ka kí ẹ tó wé okùn mítà 2 mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ ki òrùka bọ̀ ọ́, kí ẹ sì ta á ní kókó. Má ṣe fi ojóbó so ó o! Kókó tí kì í yọ̀, tí kì í sì í fún pa, ni a ń fẹ́. Ẹ ká okùn sí ojú kékeré kan. Ẹ ti orí okùn bọ inú ojú náà láti abẹ́, ẹ yí i gba ẹ̀yìn okùn tó gùn, ẹ tún ti í padà sínú ojú kan náà, ẹ wá fa gbogbo rẹ̀ le. Ẹ jẹ́ kí ìrù tó ṣẹ́ kù gùn tó ínǹṣì 4.

Àlàfo àárín okùn méjèèjì lókè gbọ́dọ̀ fi ínǹṣì 2 sí 4 fẹ̀ ju ti ìjókòó lọ. Bó bá há ju ti ìsàlẹ̀ lọ, ìjókòó á máa yí bírí.

Ìjókòó

Pákó ìrókò tàbí àpá ló dára: gígùn ẹsẹ̀ bàtà 2, fífẹ̀ ínǹṣì 8, nínípọn ínǹṣì 1½. Arère fúyẹ́, owó rẹ̀ sì kéré, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ nínú òjò. Ẹ lu ihò méjì sí orí ọ̀tún, méjì sí ti òsì, kí kọ̀ọ̀kan fi ínǹṣì 2 jìnnà sí etí pákó, kó má baà là. Ihò mílímítà 18 ló gba okùn yìí. Ẹ fi sáńpépà ha ẹnu ihò títí á fi dán, torí ẹnu ihò tó mú máa ń jẹ okùn bí ayùn. Fáníìṣì ni kí ẹ fi kùn ún. Òróró ọkọ̀ tí wọ́n ti lò kò dára fún ara ọmọ.

Ẹ ki okùn bọ ihò iwájú, kó gba abẹ́ pákó, kó gba ihò ẹ̀yìn jáde, kí ẹ wá so ó mọ́ ara rẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan sókè ìjókòó. Ohun tó ń jẹ́ kí ìjókòó má dojú dé nìyẹn. Kó ga tó sẹ̀ǹtímítà 40 sí 45 sílẹ̀.

Ẹ gbé abọ́ omi lé pákó: ibi tí omi bá ń ṣàn sí ni okùn ti gùn jù. Okùn ọ̀rá máa ń nà, nítorí náà ẹ to àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta lé e, ìyẹn kílò 150, kó wà bẹ́ẹ̀ mọ́jú. Ní àárọ̀, ẹ wo ẹ̀ka bóyá ó ti là, ẹ wo kókó bóyá ó ti yọ̀, kí ẹ tún gíga rẹ̀ ṣe.

Bó bá jẹ́ táyà lẹ fẹ́ fi ṣe ìjókòó, ẹ lu ihò mẹ́rin sí ìdí rẹ̀ kí omi má baà dúró síbẹ̀ kí ẹ̀fọn sì yé sí i. Táyà tí wáyà rẹ̀ ti yọ síta kò ṣeé lò.

Lílò rẹ̀

Ọmọ kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó ń tì í gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn, kó fọwọ́ tì í ní ẹ̀yìn, kì í ṣe okùn ni kó máa fà. Ọmọ tó bá fẹ́ fi ara rẹ̀ fì á na ẹsẹ̀, á sì fara sẹ́yìn nígbà tó bá ń lọ síwájú. Bó bá ń padà, á ká ẹsẹ̀, á tẹ̀ síwájú. Bí okùn bá gùn, ìfì kan á pẹ́ sí i: okùn mítà 1 ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 2 láti lọ kó sì bọ̀, mítà 4 ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 4, ìbáà ṣe ọmọ ló jókòó tàbí bàbá rẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń sáré kọjá níwájú ni kí ẹ máa lé, torí àwọn ni pákó máa ń gbá lójú jù, kì í ṣe ẹni tó jókòó.

Lóṣooṣù, ẹ gun àkàbà lọ wo òrùka àti kókó. Okùn tó bá ń jáde ní irun funfun tàbí tó ń ya bí ìyẹ̀fun bí ẹ bá fọwọ́ pa á, oòrùn ti jẹ ẹ́ nìyẹn, ẹ yọ ọ́. Lọ́dọọdún, ẹ tú okùn òkè kí ẹ sì tún un so pẹ̀lú àyè díẹ̀, torí ẹ̀ka ń sanra, okùn tó bá ti fún un mọ́ra á sì pa á. Nígbà tí máńgòrò bá ń so, ẹ gbọn ẹ̀ka kí àwọn ọmọ tó dé ìdí rẹ̀, kí èso tó ti pọ́n má baà já lé wọn lórí.