Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Kíkọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Fásitì ní Ẹ́díìtì Fídíò

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń pè mí lọ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fásitì ní ẹ́díìtì. Owó tí àwọn ẹ̀ka tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ń dà sómi ń dùn mí.

1. Ẹ má sáré ra ẹ̀rọ. Ẹ̀ka kan ra kọ̀ǹpútà 20. Ìgbà tí mo débẹ̀, ọ̀rá ṣì wà lára wọn. Kò síná, kò sẹ́ni tó ṣètò owó epo jẹnẹrétọ̀. Laptop àwọn ọmọ náà la lò.

2. Ẹ má fowó ra sọ́fíwià. DaVinci Resolve ọ̀fẹ́ wà, ó sì ń gbé fídíò jáde dé Ultra HD, ìyẹn àwòrán tó mọ́ kedere gan-an. Bí laptop bá ń dì, ẹ kọ́ wọn ní proxy: ẹ̀dà fídíò tó fúyẹ́ ni wọn yóò máa gé, ojúlówó ni wọn yóò gbé jáde.

3. Ẹ má tọ́jú iṣẹ́ sórí hard disk kan ṣoṣo.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ìdánwò orí ìwé. “Dárúkọ irinṣẹ́ márùn-ún, ṣàlàyé iṣẹ́ wọn.” Mo ti rí ìwé ẹ̀kọ́ tó ṣì ń to bọ́tìnì Final Cut Pro 7 lẹ́sẹẹsẹ, sọ́fíwià ẹ́díìtì tí Apple ti pa tì láti 2011!

Mo fún kíláàsì kan ní fídíò ìyá alákàrà, ìṣẹ́jú 14, mo ní kí wọ́n gé e kù sí ìṣẹ́jú kan. Ọ̀pọ̀ wọn ń yí àwòrán po bí òkòtó. Ọmọbìnrin kan fi ojú àwòrán sílẹ̀ ní dúdú. “Ṣàà” epo gbígbóná la kọ́kọ́ gbọ́, ká tó rí ọwọ́ ìyá náà lórí agbada. Kíláàsì pa lọ́lọ́. Mo bi í léèrè ìdí. Ó ní, “Sà, ẹni tó ń bọ̀ lọ́nà á ti gbọ́ òórùn àkàrà kó tó rí alákàrà.”

Nínú ìdánwò orí ìwé, 11 nínú 30 ni ọmọ yìí gbà.

Ẹ tún kíyè sí fídíò fóònù: iye férémù, ìyẹn àwòrán, tó ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan kì í dúró lójú kan, ohùn á sì yà kúrò lẹ́nu. Ẹ kọ́kọ́ yí i padà kí iye férémù náà dúró sójú kan kí ẹ tó gé e.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé máàkì 30 yẹn sórí iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Kí ọmọ mú ẹ̀dà fídíò tó gé lẹ́ẹ̀kíní àti èyí tó tún gé lẹ́ẹ̀kẹta wá, kó dìde níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀, kó sọ ìdí tó fi yọ ohun tó yọ.