Bí mo ṣe wá àwọn tó mọṣẹ́ sínú ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn wọ́ọ̀dù wa

Nígbà tí alága ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù wa, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní WDC, ní kí n bá wọn wá àwọn tó mọṣẹ́ kún àwọn tó wà nílẹ̀, ohun tí ẹnu gbogbo èèyàn kò lé lórí ni pé kí n lọ wá dókítà kan, lọ́yà kan àti ẹnjiníà kan. Mi ò gba ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Òkè-Ògùn, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ni ilé ìwòsàn alábọ́dé tí mò ń sọ yìí wà. Àwọn ọmọ ìlú wa tó jẹ́ dókítà, Ìbàdàn ni wọ́n ń gbé, àwọn mìíràn sì ti kọjá sí Ìlú Ọba. Wọ́n á gbà kí a kọ orúkọ wọn sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò ní lè wá sí ìpàdé oṣooṣù, èmi ò sì rí ohun tí orúkọ lórí ìwé máa ṣe fún aláboyún tó ń rọbí lóru.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìpàdé ìkíni lásán ni WDC. Láti ìgbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti ti jẹ́ mínísítà ètò ìlera, láàárín 1985 sí 1992, ni wọ́n ti ń tẹnu mọ́ ọn pé ará ìlú gbọ́dọ̀ lọ́wọ́ sí bí wọ́n ṣe ń darí ilé ìwòsàn àdúgbò wọn. Wọ́ọ̀dù 351 ló wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ó sì yẹ kí ìgbìmọ̀ wà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: aṣojú Baálẹ̀, ìyálọ́jà, àáfà, pásítọ̀, ọ̀gá ilé ìwé, àwọn ọ̀dọ́, àwọn onímọ́tò. Nígbà kan, iṣẹ́ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ju kí wọ́n kéde fún àwọn ìyá pé abẹ́rẹ́ àjẹsára ti dé. Ọ̀rọ̀ ti yí padà báyìí. Òfin ètò ìlera ọdún 2014 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa ya ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú tí mẹ̀kúnnù nílò jù lọ, apá kan owó náà sì ń wọ àkáǹtì ilé ìwòsàn tààrà. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, bíi ₦300,000 ni ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ń gbà ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Mẹ́tírọ́ọ̀nù kì í dá owó yẹn ná: ìgbìmọ̀ ló ń bá a jókòó láti kọ ohun tí wọn yóò fi ṣe, aṣojú ìgbìmọ̀ sì ń bá a buwọ́ lu ìwé báǹkì. Ẹni tó bá máa buwọ́ lu owó ará ìlú gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń buwọ́ lù. Ìdí nìyẹn tí mo fi gba iṣẹ́ náà tọkàntọkàn.

Ọ̀dọ̀ mẹ́tírọ́ọ̀nù ni mo kọ́kọ́ lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ kó mú mi yí gbogbo ilé náà ká, kó má fi nǹkan kan pamọ́ fún mi. Ibi tí fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára wà la ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi okùn so ìwé pélébé kan mọ́ ọn lára, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń kọ bó ṣe tutù tó síbẹ̀. Abẹ́rẹ́ wọ̀nyí kò gbọ́dọ̀ kúrò láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bó bá gbóná, agbára rẹ̀ á máa lọ díẹ̀díẹ̀. Bó bá sì dì, àwọn kan nínú wọn ti bàjẹ́ nìyẹn, ojú lásán ò sì lè mọ̀ ọ́n. Mo wo ìwé náà, mo rí 5, 5, 6, 5, mo wá rí i pé gbogbo Sátidé àti Sọ́ńdè ló ṣófo. Mẹ́tírọ́ọ̀nù ṣàlàyé fún mi: òun àti ọmọbìnrin kan péré ni òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀, bí ẹnì kan bá ń gbẹ̀bí, kò sí ẹlòmíràn tó lè yà síbi fíríìjì.

A kọjá sí yàrá ìrọbí. Ibi ìfọwọ́ wà níbẹ̀, ẹ̀rọ rẹ̀ ń dán, omi ni kò dé ibẹ̀. Kànga dẹ̀rọ wà lẹ́yìnkùlé, táǹkì wà lókè, páìpù tó so méjèèjì pọ̀ mọ́ yàrá náà ló ti já, korobá ni wọ́n sì fi ń gbé omi wọlé fún ẹni tó ń bímọ. Mo tún wo yàrá oògùn. Káàdì tó yẹ kó máa sọ iye tó wọlé àti iye tó jáde kò bá iye tó wà lórí pẹpẹ mu. Mi ò sọ pé ẹnikẹ́ni jí nǹkan. Ṣùgbọ́n owó oògùn tí a tà lónìí la fi ń ra ti ọ̀la, bí ìṣirò rẹ̀ bá sì daru, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí pẹpẹ yẹn á ṣófo, tí wọ́n á sì ní kí ìyá ọmọ lọ ra oògùn ibà níta.

Nígbà tí mo délé, àwọn ohun tí mo rí yìí ni mo fi kọ irú èèyàn tí a ń wá. Mi ò kọ pé a fẹ́ akáǹtáǹtì. Mo kọ pé a fẹ́ ẹni tó lè mú ìwé báǹkì, rìsíìtì àti káàdì oògùn, kó gbé wọn kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kó sì sọ fún ìyálọ́jà lédè Yorùbá ohun tó wọlé àti ohun tó jáde. Mo kọ pé a fẹ́ ẹni tó ti gbẹ̀bí fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó lè wọ yàrá ìrọbí kó mọ ohun tí kò sí níbẹ̀. Mo kọ pé a fẹ́ ẹni tó mọ sólà, àti ẹni tó mọ omi àti páìpù. Mo kà á níwájú Baálẹ̀ àti gbogbo ìgbìmọ̀. Ojú àwọn kan kọ́rẹ́ lọ́wọ́, wọ́n rò pé àwọn la fẹ́ lé kúrò. Mo sọ fún wọn pé a ò yọ ẹnikẹ́ni, mẹ́rin péré la máa fi kún un, àti pé àwọn tí ará ìlú yàn ni yóò máa pọ̀ jù nígbà gbogbo. Mo gba èyí gbọ́ gan-an: onímọ̀ ò gbọ́dọ̀ gba ilé ìwòsàn lọ́wọ́ àwọn tó ń lò ó.

Níbo la ti rí wọn? Ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì, ibi tí wọ́n ti ń jíròrò ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì wọn, ni mo kọ́kọ́ lọ. Kò sí ibi tí ìmọ̀ pọ̀ sí tí a kì í wò bí ibẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo lọ bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Bàbá kan wà níbẹ̀ tó ti ń yẹ ìwé wọn wò láti ọjọ́ pípẹ́, gbogbo ọjà ló sì ń jẹ́rìí sí i pé kò sí kọ́bọ̀ tó lè bọ́ lójú rẹ̀. Kò ní dìgírì. Mo kọ ìwé ìnáwó kan fúnra mi, mo mọ̀ọ́mọ̀ fi àṣìṣe síbì kan, mo ní kí bàbá bá mi wò ó. Wọ́n fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan wálẹ̀, wọ́n dúró, wọ́n ní, “Rìsíìtì epo jẹnẹrétọ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ kà á.” Ibẹ̀ gan-an ni.

Irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ni mo fún gbogbo wọn, nítorí pé sáàtífíkéètì kò lè sọ fún mi bí ojú èèyàn ṣe mú tó. Mo mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣe iṣẹ́ sólà dé iwájú ilé ìwòsàn, mi ò sì sọ nǹkan kan fún un. Kò tíì wọlé tó fi wòkè, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé igi máńgòrò yìí ti ga báyìí nígbà tí wọ́n gbé pánẹ́ẹ̀lì yìí síbẹ̀?” Fíríìjì wa kì í lo bátìrì, oòrùn ọ̀sán ló ń mú omi tó wà nínú ògiri rẹ̀ di yìnyín, yìnyín yẹn ló sì ń mú un tutù lóru. Bí òjìji igi bá bo pánẹ́ẹ̀lì, tí eruku ọyẹ́ sì tún bò ó, kí ló máa mú omi náà dì? Abẹ́ máńgòrò yẹn la ti ń ṣèpàdé tipẹ́. Kò sẹ́ni tó wòkè.

Màmá nọ́ọ̀sì ló pẹ́ jù kí wọ́n tó gbà. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ agbẹ̀bí, wọ́n sì mọ̀ ọ́n dunjú. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n ní kí n jókòó.

“Ọmọ mi, mo ti wà nínú irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, kì í ṣe ní ìlú yìí. Wọ́n á gbé mi jókòó síwájú, wọ́n á fún mi ní mínírà, wọ́n á sì ti parí ọ̀rọ̀ kí n tó dé.”

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lẹ fẹ́ kí a kọ sílẹ̀ kí irú rẹ̀ má baà ṣẹlẹ̀ níbí?”

Wọ́n rò ó díẹ̀. Wọ́n ní kí ìwé ohun tí a fẹ́ sọ máa dé ọwọ́ àwọn ṣáájú ọjọ́ ìpàdé. Bí àwọn bá sọ pé nǹkan kan léwu fún ìyá tàbí ọmọ, kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ bí àwọn ṣe sọ ọ́, kódà bí ìgbìmọ̀ kò bá gbà. Kí àwọn sì lè wọ yàrá ìrọbí nígbà tó bá wu àwọn. Ti ìkẹta yìí ló ba mẹ́tírọ́ọ̀nù lẹ́rù, ó rò pé wọ́n ń bọ̀ wá ṣọ́ òun ni. Mo mú àwọn méjèèjì jókòó. Wọ́n fẹnu kò pé màmá ò ní wọlé nígbà tí aláìsàn bá wà níbẹ̀ àyàfi bí ẹni náà bá gbà, àti pé mẹ́tírọ́ọ̀nù ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ ohun tí wọ́n bá rí fún. Ọ̀rọ̀ owó, ẹnu ọ̀nà ni mo ti sọ ọ́ fún gbogbo wọn: kò sí owó oṣù níbẹ̀, owó ọ̀kadà nìkan ni. Ẹni tí mo bá tan wọlé kò ní pẹ́ kó tó jáde.

Ti omi ló ṣòro jù. Ọkùnrin tó mọ̀ nípa kànga dẹ̀rọ jù lọ ní agbègbè wa ló fẹ́ wọlé, ó sì kún ojú òṣùwọ̀n. Ṣùgbọ́n òun náà ni wọ́n máa gbé iṣẹ́ náà fún bí owó bá jáde. Báwo ni yóò ṣe jókòó sọ iye tó yẹ kí iṣẹ́ jẹ́, kó tún dìde lọ gba iṣẹ́ náà? Mo sọ ọ́ fún un lójúkojú pé kó mú ọ̀kan nínú méjèèjì. Ó mú iṣẹ́ rẹ̀, mi ò bínú sí i, bẹ́ẹ̀ ni kò bínú sí mi. Onílé kẹ́míìsì kan náà béèrè, ìdáhùn kan náà ló gbà. A wá ṣe ìwé kan tí gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀, àtijọ́ àti tuntun, kọ iṣẹ́ wọn àti ti ẹbí wọn tó kan ilé ìwòsàn sí.

Lẹ́yìn náà ni àwọn tó lẹ́nu nínú òṣèlú fi orúkọ ránṣẹ́. Mo gba orúkọ náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo sì fún ẹni kọ̀ọ̀kan ní ìdánwò tí mo fún àwọn yòókù. Àwọn kan ò wá mọ́. Ọmọbìnrin kan wá, ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìtọ́jú àkọsílẹ̀ ìlera, ó sì yege débi pé a ní kó máa ran akọ̀wé lọ́wọ́. Inú mi dùn pé mi ò ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn nítorí ọwọ́ tó ti wá.

Baálẹ̀ ló ka orúkọ wọn fún gbogbo ìlú. Nígbà tí wọ́n kà á tán, ìyá kan tó gbé ọmọ pọ̀n béèrè pé èwo nínú wọn ló ń gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́. Ìbéèrè yẹn mú kí a wá ìyá ọlọ́mọ ọwọ́ kan sí i, a sì ránṣẹ́ sí gáà àwọn Fúlàní kí wọ́n yan ẹni tí wọ́n fẹ́, torí àwọn ọmọ wọn náà ń gba abẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ wa.

Wọ́n ti gé ẹ̀ka máńgòrò yẹn. Ọ̀dọ́ onísólà ti kọ́ ọlọ́dẹ bí a ṣe ń nu ojú pánẹ́ẹ̀lì àti bí a ṣe ń ka ìwọ̀n fíríìjì ní òpin ọ̀sẹ̀. Bàbá alájẹṣẹ́kù ti ń bá mẹ́tírọ́ọ̀nù to káàdì oògùn láti ìbẹ̀rẹ̀. Màmá ti kọ páìpù yàrá ìrọbí sí òkè pátápátá nínú ètò ìnáwó oṣù mẹ́ta tó ń bọ̀, akọ̀wé sì kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Àyè ẹni tó mọ omi ṣì ṣófo. Mo gbọ́ pé ọ̀gá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ omi ìjọba ń kọ́lé sí abúlé kejì sí wa, ọ̀sẹ̀ yìí ni mo máa lọ kí wọn.