Bí ìbòmú ẹ̀rọ oorun bàámi ṣe wá bá wọn lójú mu

Bàámi, ní Adó-Èkìtì, máa ń la ẹnu sùn, ìdí nìyẹn tí ìbòmú tó bo imú àti ẹnu pọ̀ fi yẹ ẹ̀rọ CPAP wọn, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọ̀nà ọ̀fun kó má bàa dí lójú oorun. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn ń jò sí wọn lójú, egungun imú wọn sì ti pọ́n, ó fẹ́ bó. Bó bá ti ń jò, wọn a tún fún okùn rẹ̀ mọ́lẹ̀, ìyẹn gan-an ló ń dá kún un: rọ́bà tó yí etí ìbòmú ká nílò àyè díẹ̀ kí atẹ́gùn lè gbé e dúró.

Mo ní kí wọ́n dùbúlẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sùn, nítorí ojú máa ń yí padà béèyàn bá dùbúlẹ̀. Mo tan ẹ̀rọ, mo dẹ okùn, mo fa ìbòmú kúrò lójú díẹ̀ kí rọ́bà lè na ara rẹ̀, mo wá ń fún un díẹ̀díẹ̀, lọ́tùn-ún lósì, títí kò fi jò mọ́.

Òrí tí wọ́n ń fi pa ojú lálẹ́ náà ń jẹ́ kí ìbòmú máa yọ̀. Àárọ̀ ni wọ́n ń pa á báyìí. Imú ti jinná.

Ẹni tó bá fẹ́ ra irú ìbòmú yìí, ẹ jọ̀ọ́, kó yan èyí tó ní ihò tí ń ṣí fúnra rẹ̀ bí iná bá lọ, kó lè máa rí atẹ́gùn mí.