Láti Ìkòròdú dé orí Olúmọ

Àdìrẹ ni mo ń tà ní Ìkòròdú, Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta ni mo sì ti ń rà á. Ọjà náà kò jìnnà sí Olúmọ, ìdí nìyẹn tí n kì í fi í lọ kí n má gun òkè. Ẹ̀yin oníbàárà mi tẹ́ ẹ máa ń béèrè, bí mo ṣe ń ṣe é rèé.

Ẹ kúrò nílé láago 6 àárọ̀. Ẹ gba Ọdọ̀gúnyàn sí Ògijo, kẹ́ ẹ já sí Ṣàgámù, ibẹ̀ lẹ ó ti wọ ọkọ̀ Abẹ́òkúta. Kútọ̀ lẹ ó bọ́ sí. Ẹ sọ fún ọlọ́kadà pé Olúmọ, ní Ìkijà. Òkè lẹ ó kọ́kọ́ gùn kẹ́ ẹ tó ra ọjà o! Mo ti ra ẹrù àdìrẹ lọ rí, ìsàlẹ̀ ni mo jókòó tì í. Bí oòrùn bá sì ti mú, òkúta á gbóná dé àtẹ́lẹsẹ̀.

Bàtà kánfáàsì tí ìdí rẹ̀ kò tíì jẹ ni kẹ́ ẹ wọ̀. Kò sáyè sílípáàsì, kò sáyè ìró tó ń wọ́lẹ̀.

Ẹ̀rọ agbéniròkè ti wà níbẹ̀ láti 2006. Bó bá ń ṣiṣẹ́, ẹni tí orúnkún ń dùn lè gbà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lè rìn, mo bẹ̀ yín, ọ̀nà àtijọ́ ni kẹ́ ẹ bá amọ̀nà gbà. Ọ̀nà yẹn ló gba inú ihò tí àwọn Ẹ̀gbá tó bá Ṣódẹkẹ́, olórí wọn, dé ní 1830 sá pamọ́ sí. Òrùlé òkúta rẹ̀ kò ga, ẹ ó bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ilẹ̀ dáadáa, ẹ ó rí kòtò kéékèèké tí wọ́n ti ń lọ ata. Màmá mi, ẹni ọdún 71, fọwọ́ kan ọ̀kan nínú wọn, kò sọ̀rọ̀ fúngbà díẹ̀. Ó wá ní, "Abiyamọ ló jókòó síbí lọ ata, tí ogun ń bẹ níta." Látọjọ́ náà, n kì í kánjú kọjá níbẹ̀ mọ́.

Bẹ́ ẹ bá dé ibi tó há láàárín òkúta, ẹ̀gbẹ́ lẹ ó fi kọjá, kí báàgì wà níwájú yín. Ẹ má fọwọ́ kan ohunkóhun níbi ojúbọ, ẹ kí àwọn àgbà tẹ́ ẹ bá níbẹ̀, ẹ sì tọrọ àyè kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò.

Mítà 137 péré ni orí òkè fi ga ju òkun lọ, síbẹ̀ gbogbo páànù pupa Abẹ́òkúta ló tẹ́ sílẹ̀ níwájú yín, odò Ògùn ń tàn lókèèrè, ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ ní Aké náà ò ní pa mọ́. Oṣù kọkànlá ni mo fẹ́ràn jù, nígbà tí òjò ti dá, tí ọyẹ́ kò tíì bo odò náà. Tí òjò bá rọ̀ mọ́jú, ẹ sún un síwájú, òkúta á máa yọ̀.

Ìsọ̀kalẹ̀ ló ń da orúnkún láàmú. Ẹ fẹ̀gbẹ́ sọ̀, ẹ tẹ gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ má di ara yín mú. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ láfún gbígbóná, ẹ wá lọ ná àdìrẹ yín. Ẹ wọkọ̀ kí aago 3 tó lù, kílẹ̀ má baà ṣú bá yín lọ́nà Ògijo.