Bílówà mọ́tò àtijọ́ tó ń fẹ́ ní sípíìdì kan ṣoṣo

Ẹ̀yin ará wa l'Ógbómọ̀ṣọ́, ọyẹ́ ti ń bọ̀, tí bílówà hítà mọ́tò yín bá ń fẹ́ ní sípíìdì kan péré, ẹ má wulẹ̀ ra tuntun o. Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta páàtì tòkunbọ̀, ẹ ra resistor bílówà (ohun kékeré tó ń dín iná tó ń lọ sí bílówà kù kó lè fẹ́ díẹ̀díẹ̀) àti swíìsì ẹ̀, kí rìwáyà bá yín so ó mọ́ wáyà tó ń gbé iná lọ sí bílówà. Resistor yẹn máa ń gbóná gan-an, torí ẹ̀ ojú ibi tí atẹ́gùn bílówà ń gbà kọjá gan-an ni kẹ́ ẹ dè é mọ́, kí atẹ́gùn máa tù ú lára, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tì í sẹ́yìn dáṣíbọọ̀dù lásán, wáyà lè yọ́, mọ́tò lè gbiná. Iná sípíìdì tó ga jù kì í gba inú resistor, tààrà ló ń lọ sí bílówà. Fíùsì ńkọ́? Ẹ má yọ ọ́ láéláé.