Ọmọ Mọ ABD Délẹ̀, Àmọ́ Kò Lè Ka “Bàbá”

Ìbéèrè: Ọmọ ọdún 5 ni ọmọ mi, ó mọ ABD láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àmọ́ tí mo bá kọ “bàbá” fún un, “bí, à, bí, á” ló máa ń pè. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?

Ẹ ò ṣe nǹkan kan. Orin ni ọmọ yẹn mọ̀, kò tíì mọ̀wé. Bí, dí, fí, gí tí a fi ń kọ́ wọn, orúkọ lẹ́tà ni. Iṣẹ́ tí lẹ́tà ń ṣe nínú ọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí orúkọ rẹ̀, ọmọdé ò sì mọ ìyẹn. Ohun tí a pè fún un ló ń pè padà fún wa.

Ẹ fi ABD sílẹ̀ ná, lẹ́tà 25 ti pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan náà. Fáwẹ̀lì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú: a, e, ẹ, i, o, ọ, u. Bí orúkọ wọn ṣe rí náà ni ìró wọn rí nínú ọ̀rọ̀, wọn kì í tan ọmọ jẹ. Tí méjèèje bá ti mọ́ ọn lójú, ẹ mú kọ́ńsónáǹtì kan ṣoṣo wá bá wọn: ba, be, bẹ, bi, bo, bọ, bu. Ẹ má pe “bí” rárá. Ẹ fi ìka bo b, kó pe a. Ẹ ká ìka kúrò, kó pe ba. Páálí ni èmi máa ń gé: mà á kọ b sára ọ̀kan, fáwẹ̀lì sára méje yòókù, mà á wá máa ti b láti iwájú ọ̀kan dé iwájú èkejì. Kò ní pẹ́ tí ọmọ á fi gba b lọ́wọ́ yín. Ẹ fi l kún un, ó ti lè ka ọba, ilé, ìlù, àlá àti ẹbí nìyẹn.

Ìbéèrè: gb ńkọ́? “Gí-bí” ló ń pè é.

Lẹ́tà kan ni. Orí páálí kan náà ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí, ẹ má gé g sọ́tọ̀ kẹ́ ẹ gé b sọ́tọ̀.

Ìbéèrè: b àti d ń dàrú mọ́ ọn lójú.

Ìrísí kan náà ni wọ́n ní, ibi tí ikùn kọjú sí nìkan ló yàtọ̀, a tún wá tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn nínú ABD. Kí b mọ́ ọn lára dáadáa kẹ́ ẹ tó mú d jáde. Kó máa fi ìka kọ wọ́n sínú yanrìn: igi ló ṣáájú nínú b, ikùn ló ṣáájú nínú d. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń ṣì wọ́n mú títí dé nǹkan bí ọdún 7. Tó bá kọjá ìgbà yẹn, tàbí tó ń gbé ìwé sún mọ́ ojú jù, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú àti etí rẹ̀ wò kí ẹnikẹ́ni tó pè é ní olódo.

Ìbéèrè: Ṣé kí n fi àmì ohùn sílẹ̀ títí á fi dàgbà díẹ̀?

Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, èmi ò fara mọ́ ọn. Ẹ kọ i-g-b-a láìsí àmì, kẹ́ ẹ ní kí àgbàlagbà kà á: ṣé igba tó jẹ́ 200 ni, àbí igbá tí a fi ń bomi, àbí ìgbà tó ń lọ? Àgbà ò lè sọ, ẹ wá fẹ́ kọ́mọ sọ. Etí rẹ̀ kúkú ti mọ ohùn wọ̀nyí kó tó rí ìwé. Ẹ fi imú kùn orúkọ rẹ̀ láìpe lẹ́tà kankan, kó máa gbé ọwọ́ sókè fún ohùn òkè (mí), kó sọ ọ́ kalẹ̀ fún ohùn ìsàlẹ̀ (dò), kó dá a dúró láàárín fún ohùn àárín (re). Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àmì hàn án.

Ìbéèrè: Tí mo bá ti gbé ìwé jáde, ẹkún ni.

Ìṣẹ́jú 10 ti tó. Ìgbà tí inú rẹ̀ ṣì ń dùn ni kẹ́ ẹ pa ìwé dé. Tó bá ṣi ọ̀rọ̀ pè, ẹ ka ení dé àrún nínú ná, ó lè tún un ṣe fúnra rẹ̀. Tí kò bá rí i ṣe, ẹ pè é fún un kí ìtàn máa lọ. Lọ́jọ́ tó bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kà á, kí ìka yín máa tẹ̀lé ọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ sì dákẹ́ lójijì tẹ́ ẹ bá dé orí ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ mọ̀ pé ó mọ̀. Kẹ́ ẹ tó mí, á ti pè é.